Sinimá tí a fi owó kékeré ṣe: kí ni kí ojú wa máa wá nínú rẹ̀?

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde:
Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ọ̀rẹ́. Ní alẹ́ Sátidé, èmi àti àbúrò mi ọkùnrin jọ wo Following, sinimá gígùn àkọ́kọ́ tí Christopher Nolan darí, èyí tó jáde ní 1998. Ìtàn ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Lọ́ńdọ̀nù ni, tó ń tọ àwọn ẹni tí kò mọ̀ rí lẹ́yìn ní ìgboro, títí olè kan tó ń jẹ́ Cobb fi fura sí i, tó sì fà á wọ iṣẹ́ ilé fífọ́. Àbúrò mi sùn lọ kó tó dé ìdajì. Ó ní sinimá tí kò ní àwọ̀, tí kò ní ilé ńlá, tí kò sì ní ọkọ̀ bọ̀gìnnì, kí ni ènìyàn fẹ́ wò níbẹ̀? Èmi gbádùn rẹ̀, ṣùgbọ́n àlàyé kan ṣoṣo tí mo rí ṣe fún un ni pé owó tí wọ́n fi ṣe é kò pọ̀, àlàyé yẹn sì jọ àánú ju ìyìn lọ. Ọ̀nà wo ni ẹ̀yin ń gbà mọ rírì irú iṣẹ́ báyìí?

Ará Ṣágámù:
Ohun tí èmi máa ń wò ni ohun tí wọ́n fi àìsówó náà ṣe. Nǹkan bí 3,000 pọ́n-ùn ni gbogbo ìnáwó wọn, fíìmù tí wọ́n ń kì sínú kámẹ́rà ni ó sì jẹ èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Nítorí pé kálukú ló ní iṣẹ́ tó ń lọ láàárín ọ̀sẹ̀, ọjọ́ Sátidé ni wọ́n ń ya á, fún bí ọdún kan. Wọ́n á ti fi ìran kọ̀ọ̀kan dánra wò bí eré orí ìtàgé títí yóò fi mọ́ wọn lára, kí wọ́n má baà yà á ju ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ. Ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé ni wọ́n sábà máa ń lò, olùdarí fúnra rẹ̀ ló sì di kámẹ́rà mú. Ilé òbí àti ilé ọ̀rẹ́ ni wọ́n lò.

Ẹ tún un wò, kí ẹ máa ṣọ́ orí àti ojú ọ̀dọ́mọkùnrin náà. Níbìkan, irun rẹ̀ gùn, ó sì rí wúruwùru. Níbòmíràn, ó ti gẹrun, ó sì wọ kóòtù. Níbòmíràn ẹ̀wẹ̀, wọ́n ti lù ú débi pé ojú rẹ̀ dàrú. Olùdarí já ìtàn náà sí wẹ́wẹ́, ó sì pò ó pọ̀, ṣùgbọ́n irun àti ọgbẹ́ yẹn ni ó ń sọ ibi tí a dé fún wa. Irun gígẹ̀ àti ọgbẹ́ àtọwọ́dá, èló ni?

Ìyá Ìkẹ́nnẹ́:
Mo gbà, àmọ́ kí a má fi ìyìn bo àléébù mọ́lẹ̀. Àlàyé Cobb gùn jù, bí ẹni tó ń kọ́ni ní kíláàsì, obìnrin inú rẹ̀ kò sì ní ìgbésí ayé tirẹ̀ yàtọ̀ sí ohun tí àwọn ọkùnrin fẹ́ lò ó fún. Owó kọ́ ló fa ìyẹn. Bírò àti ìwé kò wọ́n. Bí ohùn kò bá já gaara, mo lè fojú fò ó, ṣùgbọ́n èyí tó jẹ́ ti ìkọ̀wé, n kò ní dárí rẹ̀ jì í nítorí pé kò lówó.

Ọmọ Ọ̀sọsà:
Ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ “àkọ́kọ́” tàn wá jẹ. Nolan ti ya àwọn sinimá kéékèèké ṣáájú, irú bí Doodlebug ní 1997. Ògúndé ilé wa ti ṣe eré orí ìtàgé fún ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún kó tó gbé sinimá Aiyé jáde ní 1979, síbẹ̀ Ọlá Balógun ni ó fà á lé lọ́wọ́ láti darí rẹ̀. Ọ̀dọ́ tó kọ ìtàn, tó darí, tó tún di kámẹ́rà mú lẹ́ẹ̀kan náà ní láti ní àyà. (Ǹjẹ́ ẹ rí àmì Batman lára ilẹ̀kùn nínú Following? Ní 2005, Nolan kan náà ló darí Batman Begins.)

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde:
Ẹ ṣeun púpọ̀. A tún un wò lánàá, mo sì ní kí àbúrò mi máa fi irun mọ èyí tó ṣáájú. Ó fa ìwé yọ, kò sùn, ó ní ibi mẹ́ta ni òun ti ṣì í kà. Ó ṣì ń bínú pé kò ní àwọ̀.