Ìsìnkú ìyá mi bọ́ sí ọ̀sẹ̀ ìdánwò ọmọ mi

Ẹ̀yin òbí tí ẹ ní ọmọ ní ilé-ìwé girama ní ìlú Ọba, ẹ kú òtútù o. Lẹ́tà ilé-ìwé ọmọbìnrin mi tó wà ní Year 11 ti dé: oṣù Ṣẹ́rẹ́ ni wọn yóò ṣe àṣedánwò (mock) GCSE, ìyẹn ìdánwò tí wọ́n ń ṣe ní ìparí Year 11, ìpàdé òbí àti olùkọ́ yóò tẹ̀ lé e, ìrìn-àjò lọ sórí yìnyín ní ilẹ̀ Faransé sì wà fún ìsinmi oṣù Èrèlé, ṣùgbọ́n ìyẹn kò kàn wá, apá mi kò ká owó rẹ̀. Ọmọ náà ti lẹ lẹ́tà ọ̀hún mọ́ ara fíríìjì, ó sì ti fi gègé pupa yí ọjọ́ Ìṣirò po.

Ọ̀sẹ̀ àṣedánwò yẹn gan-an ni ẹbí dá ìsìnkú ìyá mi sí ní Ìbàdàn. Mo mọ̀ pé bí ọmọ bá pa ilé-ìwé jẹ fún ọjọ́ márùn-ún láìgba àyè, wọ́n lè bu ìtanràn £80 lé òbí, ṣùgbọ́n èsì ìdánwò ló ń kọ mí lóminú jù, nítorí àwọn olùkọ́ máa ń wò ó kí wọ́n tó sọ máàkì tí wọ́n ń retí fún sixth form, ìyẹn ọdún méjì ẹ̀kọ́ tó tẹ̀ lé Year 11.

Ta ló ti kọ̀wé sí ọ̀gá ilé-ìwé lórí irú ọ̀rọ̀ yìí rí? Ṣé wọ́n gbà kí ọmọ ṣe ìdánwò náà nígbà tó padà dé, àbí kí n fi í sọ́dọ̀ àbúrò mi ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù?