Bí omi bá wà, ṣé iṣu funfun lè hù ní oṣù Kẹsàn-án?

Ọmọ Àkùrọ̀

Ẹ kú iṣẹ́ oko o, ẹ̀yin àgbà. Iṣu funfun tí a máa wà ní ìparí oṣù Kẹjọ ni mo fẹ́ gé ní èbù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí n gbìn ín sí àkùrọ̀ ní oṣù Kẹsàn-án, kí iṣu tuntun lè jáde nígbà tí iṣu bá wọ́n lọ́jà. Omi kì í tán níbẹ̀, ẹ̀rọ tó ń fa omi sì wà. Àwọn kan ní èbù náà máa jẹrà. Kí ló fà á, nígbà tí àgbàdo àti ẹ̀fọ́ ń hù níbẹ̀ yípo ọdún? Tí kò bá sì ṣeé ṣe, kí ni kí n fi ilẹ̀ náà ṣe?

Olóko Òkè-Ògùn

Òótọ́ ni wọ́n sọ fún ọ. Kì í ṣe omi ni iṣu ń dúró dè. Iṣu tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ wà ń sùn ni, bí o bá da odò lé e lórí, kò ní jí. Bó ṣe ń sá fún ẹ̀ẹ̀rùn nìyẹn. Bí òjò bá ń lọ, ìtàkùn á gbẹ, oúnjẹ tí ewé ti ṣe á ti sọ̀kalẹ̀ sínú iṣu lábẹ́ ilẹ̀, níbi tí oòrùn àti iná ìgbẹ́ kò lè dé. Ká ní òjò tó bá ṣèèṣì rọ̀ nínú oṣù Kejìlá lè jí i ni, ọwọ́ tó bá yọ, ìyẹn ìtàkùn tuntun tó ń hù jáde lára iṣu, á gbẹ kí òjò gidi tó dé, oúnjẹ inú rẹ̀ á sì ti lọ lásán. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ ni iṣu ń kà, kì í ka òjò.

Iṣu funfun ń sùn tó ọ̀sẹ̀ 12 sí 14 lẹ́yìn tí a bá wà á. Ewùrà àti èsúrú ń lo 14 sí 16. Ẹ̀mìnà tó ń so lókè lára ìtàkùn lè tó 19 tàbí 20. Iṣu àlọ̀ ní tirẹ̀ kì í ju 4 sí 8 lọ, nítorí igbó tí ẹ̀ẹ̀rùn rẹ̀ kò gùn ni ìran rẹ̀ ti wá.

Mú iṣu tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ebè, kí o yẹ orí rẹ̀ wò dáadáa. O ò ní rí ojú kankan tí ọwọ́ lè gbà yọ níbẹ̀. Ọ̀dùnkún òyìnbó ti ní ojú lára kí wọ́n tó wà á, iṣu kò ní. Abẹ́ èèpo ni yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ojú tirẹ̀ nígbà tí oorun bá ń tán lọ. Orí á wú díẹ̀, èèpo á là, kókó kékeré kan á sì yọ níbi tó là. Èbù tí a bá gé ṣáájú ìgbà yẹn, ojú ọgbẹ́ nìkan ló ní. Ilẹ̀ tútù wá ń bá a jà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìdíbàjẹ́ á gba ojú ọgbẹ́ yẹn wọlé kí ọwọ́ tó yọ.

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ ta gibberellin, oògùn tí wọ́n fi ń mú ohun ọ̀gbìn dàgbà, fún ọ pé ó ń jí iṣu, má rà á. Ó ń jí ọ̀dùnkún òyìnbó lóòótọ́, ṣùgbọ́n ṣe ló ń fi kún oorun iṣu.

Ìyá Aláká

Àbúrò, má gé iṣu yẹn ní oṣù Kẹsàn-án. Tò ó sí àká tí atẹ́gùn ń gbà kọjá, lábẹ́ ibòji. Láti ìdajì oṣù Kọkànlá, máa yẹ orí wọn wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, èyí tó bá ti là lórí ni kí o gé. Ìparí oṣù Kọkànlá sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejìlá ni tìrẹ máa bọ́ sí, o sì ti ṣáájú àwọn tó ń dúró de òjò oṣù Kẹta. Èrè tí omi rẹ lè ṣe fún ọ nìyẹn.

Tí iṣu títà lo fẹ́, kí èbù kọ̀ọ̀kan wúwo tó gíráàmù 250 sí 500, kí èèpo sì wà lára rẹ̀, torí abẹ́ èèpo ni ọwọ́ ti ń yọ. Fi eérú igi ra ojú ibi tí o gé, kí o tẹ́ ẹ síbi ibòji fún ọjọ́ kan sí méjì kí ojú náà gbẹ. Má sá a sóòrùn. Bí ebè kan bá jìnnà sí èkejì ní mítà 1 níhà gbogbo, ebè 10,000 ló máa wọ hẹ́kítà kan. Ri èbù náà bọ ebè ní sẹ̀ǹtímítà 10 sí 15.

Lẹ́yìn náà, dé ebè lórí. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń pàdánù iṣu ẹ̀ẹ̀rùn nìyí. Ebè yọrí síta, oòrùn ń lù ú láti ìhà gbogbo, ooru á wọnú rẹ̀, èbù á sè síbẹ̀. Koríko gbígbẹ ẹ̀kún ọwọ́ méjì ni kí o fi dé e, kí o gbé ògúlùtu kan lé e kí atẹ́gùn má baà gbé e lọ. Kí ọwọ́ tó yọ, má bomi púpọ̀. Kí ilẹ̀ ṣáà ti lọ́rinrin.

Ọwọ́ tó bá yọ lè sáré tó mítà kan kó tó la ewé. Kì í ṣe àìsàn. Igi tó máa gùn ló ń wá, èbù ló sì ń bọ́ ọ títí dìgbà yẹn, ìdí tí èbù kékeré fi ń yọ ọwọ́ tín-ín-rín nìyẹn. Kí igi gíga mítà 2 ti wà nílẹ̀ ṣáájú. Tí o bá fẹ́ fi ọwọ́ yí i mọ́ igi, wo ọ̀nà tí èyí tó wà nítòsí rẹ̀ gbà yí. Iṣu funfun, ewùrà àti àlọ̀ ń yí sí apá kan náà. Ẹ̀mìnà àti èsúrú ń yí sí òdì kejì. Èyí tí o bá yí lódì á tú ara rẹ̀ sílẹ̀.

Ọmọ Àkùrọ̀

Ẹ ṣeun mà, ẹ ṣeun sà. Ṣé mo lè gbin orí, àárín àti ìdí iṣu sórí aporo kan náà? Àwọn tí ọwọ́ wọn bá ti gùn nínú àká ńkọ́?

Ìyá Aláká

Yà wọ́n sọ́tọ̀. Orí ló ń kọ́kọ́ hù, àárín á tẹ̀ lé e, ìdí ló ń gbẹ̀yìn, ó sì lè fi ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ gbẹ̀yìn. Tí o bá pò wọ́n, ìtàkùn orí á ti bo ebè ìdí mọ́lẹ̀ kó tó rí oòrùn, o ò sì ní mọ ìgbà tó yẹ kí o wà wọ́n.

Ọwọ́ tó bá ti gùn máa ṣẹ́ nígbà tí o bá ń gbìn ín. Gé e kù díẹ̀ lára èbù, òmíràn á yọ nídìí rẹ̀. Má jẹ́ kó di pé o gé e lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mẹta, torí oúnjẹ inú èbù ló ń bá a lọ.

Olóko Òkè-Ògùn

Ó ku ọ̀rọ̀ àkùrọ̀ náà fúnra rẹ̀. Òkè ilẹ̀ ni ọ̀pọ̀ gbòǹgbò iṣu ń ràn sí, kì í fi bẹ́ẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 30 lọ, atẹ́gùn sì ni wọ́n ń mí. Tí omi bá dúró níbẹ̀, wọ́n á kú, ewé á pọ́n. Ẹni tí kò mọ̀ á rò pé òùngbẹ ló ń gbẹ ẹ́, á tún bomi sí i. Gbẹ́ ihò tó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 60 ní ìrọ̀lẹ́. Bí omi bá ti sun sínú rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, má kọ ebè iṣu síbẹ̀. Etí àkùrọ̀, níbi tí ihò gbẹ, ni ti iṣu.

Ìsàlẹ̀, níbi tí omi ń gbà, kókò ni kí o fi sí i, ṣùgbọ́n kì í ṣe kókò gbogbo. Yẹ ẹ̀yìn ewé wò. Èyí tí igi ewé rẹ̀ so mọ́ inú ewé, tí kò dé ibi tí ewé ti là, òun ló lè gbé inú omi. Èyí tó so mọ́ ibi tí ewé ti là gan-an kò lè fara dà á. Gé igi ewé ti àkọ́kọ́ lágbede méjì, wàá rí ihò wẹ́wẹ́ nínú rẹ̀. Ibẹ̀ ni atẹ́gùn ń gbà sọ̀kalẹ̀ dé gbòǹgbò tó wà lábẹ́ omi. Gbìn ín ní sẹ̀ǹtímítà 60 síra, kí o sì la ojú omi kí ó máa ṣàn, torí omi tó dúró tó sì gbóná ń jẹ ìdí òun náà rà.