Ìdáhùn ìkẹyìn: iṣẹ́ abẹ ọmọ mi tó ní àrùn Hurler

Ẹ kú àdúrótì o. Mo bi yín lọ́jọ́ sí pé ṣé kò léwu láti kun ọmọ mi ọlọ́dún mẹ́rin lóorun fún iṣẹ́ abẹ ìdodo rẹ̀ tó yọ síta, torí ó ní àrùn Hurler (àrùn àbínibí tí ara kì í fi í lè fọ́ àwọn èròjà kan). Wọ́n ti ṣe é, ó ti ń bèèrè ẹ̀kọ.

Ewu wà lóòótọ́. Ohun tí ara rẹ̀ kò lè fọ́ ti kóra jọ sí ahọ́n àti ọ̀fun, ọrùn rẹ̀ sì kúrú. Dókítà akunnilóorun ní òun ò ní dá èémí ọmọ náà dúró títí túùbù tó ń gbé èémí á fi wọ ọ̀fun rẹ̀. Gáàsì ni wọ́n fi mú un sùn, ó ń mí fúnra rẹ̀. Ẹnì kan di orí rẹ̀ mú kí ọrùn má tẹ̀ sẹ́yìn. Túùbù àkọ́kọ́ kọ̀, àfi èyí tó kéré ju ti ọjọ́ orí rẹ̀ lọ, kámẹ́rà tẹ́ẹ́rẹ́ ló sì ṣáájú rẹ̀ wọlé. Dókítà ọ̀fun dúró tì wọ́n, bóyá wọ́n á ní láti lu ọ̀nà sí i lọ́rùn. (Ojú mi rí nǹkan níta!) Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ etí rẹ̀ pọ̀ mọ́ ti ìdodo, kí wọ́n má baà kùn ún lóorun lẹ́ẹ̀mejì.

Bọ̀dá tó ní kí n mú àkọsílẹ̀ bí wọ́n ṣe kùn ún lóorun tẹ́lẹ̀ lọ, ẹ ṣeun gan-an. Àkọsílẹ̀ náà ni wọ́n kọ́kọ́ bèèrè, àmọ́ wọ́n ní bí ọmọ náà ṣe ń dàgbà ni kíkùn ún lóorun ń le sí i, pé ti èṣí kì í ṣe ẹ̀rí. Wọ́n ti fún mi ní lẹ́tà tuntun tí mo máa mú dání.