Àbọ̀ lórí sítẹ́ríò bàbá mi: Bluetooth ti ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀

Ẹ óò rántí pé mo béèrè bí mo ṣe lè máa gbọ́ orin inú fóònù lórí sítẹ́ríò àtijọ́ tí bàbá mi fi sílẹ̀ nílé wa ní Adó-Èkìtì, nítorí pé ohùn ń fọ́ yánkanyànkan nígbà tí mo so ẹ̀rọ Bluetooth kékeré mọ́ ọn.

Ẹni tó ní kí n wo ẹ̀yìn rẹ̀ dáadáa ló yanjú ọ̀rọ̀ náà. Ihò tí wọ́n kọ PHONO sí ni mo ki wáyà pupa àti funfun bọ̀, bẹ́ẹ̀ ohùn tín-ín-rín tó ń ti abẹ́rẹ́ àwo orin wá ni wọ́n ṣe ihò yẹn fún, tó sì ń gbé e ga ní ìlọ́po-ìlọ́po. Mo fi òwú tí mo rẹ sínú spirit nu ìpẹtà ihò AUX, mo ki wáyà bọ ibẹ̀, ohùn sì já gaara. Ìyá mi gbọ́ àpàlà láti ilé ìdáná, wọ́n sì jáde wá jókòó tì í.

Ariwo kan ṣì ń kùn lábẹ́ orin; pípààrọ̀ ṣájà tó ń gbé ẹ̀rọ Bluetooth náà dín in kù, ṣùgbọ́n kò pa á tán. Ìgbà tí mo fi power bank gbé ẹ̀rọ kékeré náà ló tó dákẹ́ pátápátá.

Èyí tó kù ni tẹlifíṣọ̀n: bí mo bá fi Bluetooth gbé ohùn rẹ̀ wá sórí sítẹ́ríò, ẹnu òṣèré a ti pa dé kí ọ̀rọ̀ tó jáde, nítorí náà wáyà ni mo ṣì fi so ìyẹn. Ẹ ṣeun gan-an.