Èsì: «Sẹ́ẹ̀lì àsọdọ̀tun» kò tọ̀nà, ẹ wo ohùn orí «à» yẹn

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀gá, mo kí yín o.

Mo ka ìwé tí ẹ̀gbọ́n wa tó ń gbé ní London fi ránṣẹ́ lánàá, èyí tí wọ́n fẹ́ pín fún àwọn ará wa tí àrùn ìfun ń dà láàmú níbẹ̀. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n ibi tí ẹ ti pe stem cell, ìyẹn sẹ́ẹ̀lì tó lè bí irú sẹ́ẹ̀lì mìíràn, ní «sẹ́ẹ̀lì àsọdọ̀tun», tí ẹ tún ní kí gbogbo wa fọwọ́ sí i kó wọ àkójọ ọ̀rọ̀ wa, ọ̀rọ̀ pọ̀ níbẹ̀.

Ta ló sọ ta dọ̀tun? «A-» olóhùn àárín, olùṣe ló ń tọ́ka sí: akọ̀wé ló ń kọ̀wé, atẹ̀wé ló ń tẹ̀wé. «À-» olóhùn ìsàlẹ̀, ohun tí wọ́n ṣe ni: àkọsílẹ̀, àtẹ̀jáde. Nítorí náà, sẹ́ẹ̀lì tí ẹ kọ sílẹ̀ yẹn ti di aláìsàn, òun gan-an ni wọ́n sọ dọ̀tun! Àbúrò kan pe àkíyèsí yín sí i, ẹ ní ohùn kò ṣe bàbàrà, pé gbólóhùn á tú u. Há à. Bàbá tó kọ́ wa ní Yorùbá ní Iléṣà, bí ọmọ bá ka ohùn ìsàlẹ̀ bí àárín, ó di dandan kó dìde, kó fi dò-re-mí kọ ọ̀rọ̀ náà lórin sétí gbogbo kíláàsì, kò sì gbọdọ̀ jókòó títí yóò fi rí i pè. Ẹ̀rù ohùn ṣì ń bà mí títí dòní.

Ẹni tó dábàá «sẹ́ẹ̀lì ìtì igi» ńkọ́? Lóòótọ́, «stem» lè jẹ́ ìtì igi lédè Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n igi wo? Nígbà tí Ernst Haeckel, onímọ̀ nípa ohun ẹlẹ́mìí, ń lo ọ̀rọ̀ náà ní èdè Jámánì ní 1868, baba ńlá gbogbo ohun ẹlẹ́mìí ló ń bá wí. Ọ̀rọ̀ ìran ni. Ẹ jẹ́ kí igi dúró sínú igbó.

Ká tilẹ̀ ní ẹ tún ohùn ṣe, tó di «asọdọ̀tun», ìjà ò tíì parí. Àrùn Crohn tí ìwé yín dá lé lórí, tí àwọn dókítà Burrill Crohn, Ginzburg àti Oppenheimer kọ nípa rẹ̀ ní New York ní 1932, kì í ṣe aràn ló ń jẹ ìfun níbẹ̀. Àwọn ọmọ ogun ara, tó yẹ kó máa lé àrùn, ló ń gbógun ti ìfun olówó wọn. Ọ̀nà méjì tí kò jọra ni àwọn dókítà sì ti fi sẹ́ẹ̀lì wọ̀ ọ́, ẹ̀gbọ́n wa wá kó méjèèjì sábẹ́ orúkọ kan.

Ti àkọ́kọ́, sẹ́ẹ̀lì inú mùdùnmúdùn egungun ni. Wọ́n á fi oògùn lé e jáde sínú ẹ̀jẹ̀, wọ́n á gbà á pamọ́ sínú yìnyín, wọ́n á fi oògùn líle pa gbogbo ọmọ ogun ara rẹ́, wọ́n á wá dá sẹ́ẹ̀lì náà padà kó bí òmíràn. Ìyẹn, mo gbà, asọdọ̀tun ni. Ṣùgbọ́n iná ni. Nígbà tí wọ́n dán an wò lára ènìyàn 45 ní Yúróòpù, èsì tó jáde ní 2015 fi hàn pé ẹni méjì péré nínú 23 ló rí ìsinmi tí wọ́n ń wá, ọ̀kan nínú àwọn 22 tí wọn kò tíì ṣe é fún náà sì rí i. Aláìsàn kan kú.

Èkejì, inú ọ̀rá ẹlòmíràn tí ara rẹ̀ le ni wọ́n ti ń mú un, fún àwọn tí Crohn ti dá ihò lu láti inú ìfun sí ẹ̀gbẹ́ ìdí. Dókítà á ha inú ihò náà, á rán ẹnu rẹ̀ tó wà nínú, á wá fi abẹ́rẹ́ fún 120 mílíọ̀nù sẹ́ẹ̀lì sí i, ìdajì yí ojú ìrán ká, ìdajì sára ògiri ihò. Alofisel ni wọ́n pè é, Yúróòpù fún un níwèé àṣẹ ní 2018. Wọ́n tún un dán wò, kò sàn ju omi lásán lọ, wọ́n sì kó o kúrò lọ́jà níbẹ̀ ní ìparí 2024. Ìwé yín kò sọ èyí o, ẹ̀gbọ́n.

Sẹ́ẹ̀lì inú ọ̀rá yìí kì í di ìfun tuntun. Ohun tó ń pa ọmọ ogun ara lẹ́nu mọ́ ló ń tú jáde, lẹ́yìn náà á pòórá. Arnold Caplan, onímọ̀ sáyẹ́nsì tó sọ irú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ ní mesenchymal stem cell ní 1991, òun náà ló kọ̀wé ní 2017 pé kí wọ́n pa orúkọ náà dà. Ẹni tó sọmọ lórúkọ ló ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n má pè é bẹ́ẹ̀ mọ́, àwa wá fẹ́ sọ ọ́ di Yorùbá! Ìyá arúgbó tó bá ka «sọdọ̀tun» á rò pé ìfun tuntun ni wọ́n fẹ́ fún òun.

Ti mùdùnmúdùn, ẹ pè é ní asọdọ̀tun. Ti inú ọ̀rá, mo ní «sẹ́ẹ̀lì apẹ̀tùsááwọ̀». Ẹ má sọ fún mi pé ó gùn, kò sẹ́ni tó ń mí hẹlẹ bó bá pe adigunjalè.

Màmá wa tó sọ pé jẹ̀díjẹ̀dí náà ni Crohn, ẹ má bínú sí mi. Jẹ̀díjẹ̀dí tí ìyá mi fi ń dẹ́rù bà wá nídìí ṣúgà, ìdí ló mọ. Crohn lè mú ènìyàn láti ẹnu títí dé ìdí. Èyí tó máa ń dá egbò sí ìfun ńlá nìkan (ulcerative colitis), àrùn mìíràn ni, a ò sì tíì fún un lórúkọ kankan níbí. Ẹ̀yin tí ẹ ní «ìgbẹ́ ọ̀rìn» ti tó fún un, mò ń bọ̀ wá bá yín.