Báwo ni kí n ṣe ṣàlàyé ìròyìn owó dáyósíìsì fún ìpàdé ìjọ?

Ìyá Akápò (Ilé-Ifẹ̀) béèrè pé:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará nínú Kristi. Wọ́n fi mí kún ìgbìmọ̀ ìṣúná páríìṣì wa, ìyẹn ìjọ Kátólíìkì àdúgbò wa, ní Ilé-Ifẹ̀, iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí Fadá sì gbé lé mi lọ́wọ́ ni pé kí n ka ìròyìn ọdọọdún dáyósíìsì (gbogbo páríìṣì tó wà lábẹ́ Bíṣọ́ọ̀bù wa) fún ìpàdé gbogbo ìjọ, kí n sì ṣàlàyé rẹ̀ ní Yorùbá, nítorí pé àwọn àgbà wa tí wọ́n ń ti abúlé wá kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi Gẹ̀ẹ́sì bo ọ̀rọ̀ owó mọ́lẹ̀. Iṣẹ́ ìṣirò owó ni mo kọ́, nítorí náà kíka ìwé náà kò nira fún mi. Ọ̀nà tí n óò gbà sọ ọ́ ni mo ń rò. Bí ìròyìn bá sọ pé owó tó wọlé lọ́dún kan fi ìdá kan nínú mẹ́ta ju ti ọdún tó ṣáájú rẹ̀ lọ, ṣé kí n sọ fún wọn pé dáyósíìsì ti tẹ̀ síwájú nìyẹn? Ó sì dá mi lójú pé ẹnìkan yóò dìde béèrè ìdí tí páríìṣì fi ń mú lára owó ọrẹ rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì Bíṣọ́ọ̀bù nígbà tí iṣẹ́ pọ̀ nílẹ̀ lọ́dọ̀ tiwa. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe irú iṣẹ́ yìí rí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ là mí lọ́yẹ.

Ayẹ̀wéOwó (Iléṣà) dáhùn:

Ẹ kú oríire ipò tuntun, Ìyá Akápò. Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí ẹ má ṣe fi àròpọ̀ bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá ti kéde àròpọ̀ owó ní ìbẹ̀rẹ̀, etí ìjọ yóò ti di sí ohun gbogbo tó kù, dáyósíìsì yóò sì di olówó lójú wọn nígbà tí apá ńlá nínú owó náà lè máà jẹ́ tirẹ̀ láti ná bó ṣe wù ú.

Ẹ kọ́kọ́ ya owó náà sọ́tọ̀ sí èyí tí àwọn tó mú un wá ti sọ ohun tí a óò fi ṣe àti èyí tí wọn kò sọ nǹkan kan lé lórí. Òfin Ìjọ kò gba eré níbẹ̀: kánọ́ọ̀nù 1267 (bí a ṣe ń pe ẹsẹ òfin náà nìyẹn), ìpín kẹta, sọ pé ọrẹ tí onígbàgbọ́ bá mú wá fún iṣẹ́ kan, iṣẹ́ náà nìkan ni a lè lò ó fún. Owó tí a ń kó jọ ní Ọjọ́ Ìsinmi Míṣọ́ọ̀nù Àgbáyé, ìyẹn Ọjọ́ Ìsinmi tó ṣáájú èyí tó gbẹ̀yìn nínú oṣù Kẹwàá, owó Ilẹ̀ Mímọ́ ti Ọjọ́ Ẹtì Rere, àti owó Pétérù tí a ń dá nígbà ọdún Pétérù àti Pọ́ọ̀lù ní ìparí oṣù Kẹfà, gbogbo wọn ń gba àkáǹtì dáyósíìsì kọjá lọ síbi tí wọ́n ń lọ ni. Bí wọ́n bá wà nínú àròpọ̀ owó tó wọlé, ó yẹ kí ẹ rí iye kan náà lápá owó tó jáde. Bẹ́ẹ̀ náà ni owó tí ẹnìkan fi sílẹ̀ láti tọ́ ọmọ sẹ́mínárì, ìyẹn ẹni tó ń kọ́ iṣẹ́ àlùfáà, tàbí láti kọ́ ilé ìwòsàn: ó lè wà ní báńkì fún ọdún méjì, kò sì sọ dáyósíìsì di ọlọ́rọ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ wo bí ọjà ṣe rí. Àjọ ìṣirò orílẹ̀-èdè Nàìjíríà kéde pé ọ̀wọ́n gógó ọjà dé ìdá 34.80 nínú ọgọ́rùn-ún ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, kí wọ́n tó yí ìpìlẹ̀ ìṣirò wọn padà ní 2025. Bí ó bá jẹ́ ọdún yẹn ni owó ọrẹ fi ìdá kan nínú mẹ́ta lé sí i, a jẹ́ pé ohun tí owó náà lè rà kò ju ti èṣí lọ, ó tilẹ̀ fi díẹ̀ dín sí i. Àwọn ènìyàn mú owó púpọ̀ sí i wá lóòótọ́, ó sì yẹ kí a dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, nítorí pé inú ìnira ni wọ́n ti mú un wá, ṣùgbọ́n kí a má pe ìyẹn ní ìdàgbàsókè owó.

Owó òkè òkun ni ó máa ń tan ènìyàn jù. Kí báńkì àpapọ̀ tó tú owó náírà sílẹ̀ ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, dọ́là kan kò ju nǹkan bí náírà 460 sí 470 lọ ní ọjà ìjọba. Nígbà tí ọdún 2024 fi ń parí, ó ti ju 1,500 lọ. Ọ̀rẹ́ dáyósíìsì kan tó ń fi dọ́là 10,000 ránṣẹ́ lọ́dọọdún, tí kò sì fi kọ́bọ̀ kan lé e, owó rẹ̀ yóò ti kúrò ní nǹkan bí mílíọ̀nù mẹ́rin àbọ̀ náírà bọ́ sí mílíọ̀nù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ìwé. Ẹni tó bá ka ìwé náà lóréfèé yóò ní ọrẹ ti di ìlọ́po mẹ́ta.

Ohun kan ṣẹ́kù. Àwa Ìjẹ̀ṣà, wọn kò pè wá ní òṣómàáló lásán, gbèsè ni ojú wa kọ́kọ́ ń lọ bá nínú ìwé. Ẹ béèrè bóyá owó tí àwọn páríìṣì jẹ dáyósíìsì tí wọn kò tíì san ti wà nínú ohun tí wọ́n pè ní owó tó wọlé. Àwọn kan ń ka owó kìkì ìgbà tó bá dé ọwọ́, àwọn mìíràn ń kà á láti ọjọ́ tí gbèsè rẹ̀ ti pé. Kò sí èyí tó jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀, àmọ́ bí wọ́n bá fi ọ̀kan ṣírò èṣí tí wọ́n sì fi èkejì ṣírò ti ọdún yìí, ẹ kò lè fi méjèèjì wéra.

Agbẹjọ́rò (Ilé-Ifẹ̀) dáhùn:

Baba Ayẹ̀wéOwó ti sọ èyí tó pọ̀ jù. Ní ti ìbéèrè àwọn àgbà lórí owó tí páríìṣì ń fi ránṣẹ́, èyí tí ọ̀pọ̀ ń pè ní kótà, kánọ́ọ̀nù 1263 ni ó fún Bíṣọ́ọ̀bù ní àṣẹ náà. Kò kàn sọ pé kí ó gba ohun tó bá wù ú. Owó náà gbọ́dọ̀ mọ níwọ̀n, ó gbọ́dọ̀ bá iye tó ń wọlé fún páríìṣì kọ̀ọ̀kan mu, Bíṣọ́ọ̀bù sì gbọ́dọ̀ ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ìgbìmọ̀ ìṣúná dáyósíìsì àti ti ìgbìmọ̀ àwọn àlùfáà kí ó tó fi lélẹ̀. Ìgbìmọ̀ ìṣúná náà kò gbọdọ̀ dín ní ènìyàn mẹ́ta, kí wọ́n sì jẹ́ ẹni tó mọ̀ nípa owó àti òfin ìlú. Ọdún márùn-ún ni wọ́n ń lò ní sáà kan. Àwọn ni wọ́n ń ṣètò ìṣúná ọdún tó ń bọ̀, àwọn náà ni akápò dáyósíìsì ń jíhìn fún nígbà tí ọdún bá parí.

Ẹ lè sọ fún àwọn àgbà pé owó yìí ni a fi ń gbọ́ bùkátà ọ́fíìsì dáyósíìsì, tí a fi ń tọ́ àwọn ọmọ sẹ́mínárì, tí a fi ń tọ́jú àlùfáà tó ṣàìsàn tàbí tó ti darúgbó, tí a sì fi ń ran páríìṣì abúlé tí owó ọrẹ rẹ̀ kò tó bọ́ àlùfáà lọ́wọ́. Ẹ má ṣe gbàgbé láti fi kún un pé kánọ́ọ̀nù 1287, ìpín kejì, ní kí àwọn tó ń bójú tó ohun ìní Ìjọ jíhìn fún àwọn onígbàgbọ́ nípa ohun tí àwọn onígbàgbọ́ mú wá, gẹ́gẹ́ bí òfin àdúgbò bá ṣe là á sílẹ̀. Ẹ̀tọ́ wọn ni láti gbọ́ ohun tí ẹ fẹ́ ṣàlàyé yìí, Fadá kò ṣe wọ́n lóore lásán.

Bí ẹ bá fẹ́ fi ọ̀pọ̀ ọdún wéra, ẹ rántí ìtàn dáyósíìsì Òṣogbo tí Ifẹ̀ àti Iléṣà wà lábẹ́ rẹ̀. Ọdún 1995 ni wọ́n dá a sílẹ̀, pẹ̀lú Bíṣọ́ọ̀bù Gabriel Abẹ́gúnrìn. Nígbà tí wọ́n sọ ọ́ di Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà ti Ìbàdàn ní 2013, ìjókòó Bíṣọ́ọ̀bù ní Òṣogbo ṣófo títí tí wọ́n fi yan Bíṣọ́ọ̀bù John Oyèjọlá ní 2016. Kánọ́ọ̀nù 428 kò sì gbà kí a dá ohun tuntun sílẹ̀ nígbà tí ìjókòó bá ṣófo. Ẹni tó bá rí i pé iṣẹ́ ńlá kò pọ̀ nínú ìwé irú àwọn ọdún bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ tètè pè é ní ọ̀lẹ.

Ìyá Ìjọ (Mọdákẹ́kẹ́) dáhùn:

Ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé ti sọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ kí àgbẹ̀ náà sọ tirẹ̀. Ní ẹkùn tiwa, ìkórè àti bàsáà ni ó ń gbé ọdún ró, kòkó ni ó sì ń gbé ìkórè ró. Oṣù Kẹwàá sí oṣù Kejìlá ni owó ń wà lọ́wọ́ wa, ohun tí ẹ bá rí nínú apótí ọrẹ ní oṣù Keje kò lè bá a dọ́gba. Ní ọdún 2024, kòkó gbówó lórí débi tí àwọn bàbá wa kò rí irú rẹ̀ rí: tọ́ọ̀nù kan kọjá dọ́là 10,000 ní ọjà àgbáyé nínú oṣù Kẹta, ó sì ju 12,000 lọ ní oṣù Kejìlá. Àwọn tí kì í yọjú sí bàsáà wá, wọ́n ra iṣu lówó ewúrẹ́, ìjọ sì ń jó. Ní 2025, owó náà já wálẹ̀ gidigidi. Bí wọ́n bá fi ìkórè ọdún kòkó yẹn ṣe òṣùwọ̀n kótà ọdún tó tẹ̀ lé e, gbèsè ni páríìṣì abúlé yóò jẹ, kì í ṣe nítorí pé a láhun.

Nítorí náà, Ìyá Akápò, bí ẹ bá ń ka ìwé náà, ẹ sọ fún wọn pé apá kan nínú owó tó lé sí i yẹn, kòkó ló mú un wá. Yóò yé wọn kíákíá ju ìdá nínú ọgọ́rùn-ún lọ.

Ọmọ Kátíkíìsì (Iléṣà) dáhùn:

Mo bọ̀wọ̀ fún gbogbo yín, ṣùgbọ́n owó nìkan ni mo ń gbọ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ìjọ kì í ṣe ilé iṣẹ́ tó ń wá èrè. Kánọ́ọ̀nù 1254 tilẹ̀ sọ ohun tí Ìjọ fi ń ní ohun ìní: ìjọsìn, àtijẹ àwọn òjíṣẹ́ rẹ̀, àti iṣẹ́ ìhìnrere pẹ̀lú àánú, pàápàá fún aláìní. Bí owó bá pọ̀ tí àwọn wọ̀nyí kò sì lọ síwájú, kí ni a ń kan sáárá sí?

Ojú ìwé tí ọ̀pọ̀ ń fò ni kí ẹ kà fún wọn, èyí tí iye ìrìbọmi, ìgbéyàwó, ọmọ sẹ́mínárì àti kátíkíìsì (olùkọ́ ìgbàgbọ́) wà. Lọ́dọọdún ni dáyósíìsì kọ̀ọ̀kan ní ayé ń fi irú iye bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sí Róòmù, wọ́n sì ń ya ìrìbọmi ọmọdé tí kò ju ọdún méje lọ sọ́tọ̀ kúrò lára ti àwọn tó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èkejì yẹn ni èmi máa ń wò. Ìrìbọmi ọmọ ọwọ́ ń sọ pé àwọn ìdílé wa ń bímọ, wọn kò sì kúrò nínú ìgbàgbọ́. Ti àgbàlagbà ń sọ pé ìhìnrere ń dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò gbọ́ ọ tẹ́lẹ̀, ní ìlú tí gbogbo ẹ̀sìn wà pọ̀ bíi tiwa yìí. Inú ìwé ìrìbọmi páríìṣì ni iye náà ti ń wá, nítorí náà bí akọ̀wé páríìṣì bá jáfara, dáyósíìsì yóò dà bí ẹni tí kò dàgbà.

Ayẹ̀wéOwó (Iléṣà) fèsì:

Òótọ́ ni o, Ọmọ Kátíkíìsì. Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí a so méjèèjì pọ̀. Bí iye àwọn ọmọ sẹ́mínárì bá lé sí i tí owó tí a yà sọ́tọ̀ fún wọn kò sì lé, ẹnìkan ń san ìyókù níbì kan, ìgbìmọ̀ ìṣúná sì ní láti mọ ẹni náà. Ìbéèrè yẹn wúlò fún ìpàdé ju “èló ló wọlé?” lọ.

Ìyá Akápò (Ilé-Ifẹ̀) béèrè síwájú sí i:

Ẹ ṣeun gan-an ni. Ọ̀rọ̀ kòkó yẹn, n óò fi bẹ̀rẹ̀. Ó ku ohun kan: nínú àkójọ ohun ìní, mo rí ilẹ̀ tí àwọn àgbà wa dá owó rà fún páríìṣì, orúkọ dáyósíìsì ni ó sì wà lórí ìwé rẹ̀. Bí mo bá kà á síta bẹ́ẹ̀, ariwo ni yóò ta. Ta ni ó ni ilẹ̀ náà?

Agbẹjọ́rò (Ilé-Ifẹ̀) fèsì:

Òfin méjì ni ó pàdé lórí ilẹ̀ yẹn. Nínú Òfin Ìjọ, páríìṣì tí a bá ti dá sílẹ̀ lè ní ohun ìní fúnra rẹ̀, kánọ́ọ̀nù 1256 sì sọ pé ẹni tó bá fi ọ̀nà ẹ̀tọ́ gba ohun ìní ni ó ni ín. Bí àwọn àgbà bá rà á fún páríìṣì, ti páríìṣì ni, dáyósíìsì kò sì lè kàn sọ ọ́ di ti ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin ìjọba Nàìjíríà kò mọ páríìṣì kọ̀ọ̀kan gẹ́gẹ́ bí ẹni tó lè ra ilẹ̀. Àwọn alámòójútó tí a forúkọ wọn sílẹ̀ lábẹ́ Apá F nínú CAMA, òfin ìforúkọsílẹ̀ ilé iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ ti ọdún 2020, ni òfin mọ̀, àwọn wọ̀nyí sì sábà máa ń jẹ́ ti dáyósíìsì lápapọ̀. Ìdí nìyẹn tí orúkọ wọn fi wà lórí ìwé.

Ohun tí yóò pa ariwo náà ni àkọsílẹ̀. Kánọ́ọ̀nù 1283 ní kí a ṣe àkójọ ohun ìní, kí ẹ̀dà kan wà lọ́dọ̀ àwọn tó ń bójú tó o, kí èkejì sì wà ní ọ́fíìsì dáyósíìsì. Ẹ wo ẹ̀dà tó wà ní páríìṣì bóyá ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé páríìṣì ni a ra ilẹ̀ náà fún, àti owó tí àwọn àgbà dá. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ jẹ́ kí Fadá kọ lẹ́tà sí akápò dáyósíìsì kí wọ́n fi kún un, kí ẹ sì gba ẹ̀dà ìwé ilẹ̀ náà sínú fáìlì yín kí ọjọ́ ìpàdé tó pé.