Ẹ jọ̀ọ́, níbo la ti lè rí sushi jẹ ní Ògbómọ̀ṣọ́?

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Apá Under-G lẹ́bàá LAUTECH ni mò ń gbé. Àbúrò ìyàwó mi tó ti lo ọdún mẹ́rin ní Jàpáánì ń bọ̀ wá kí wa lóṣù tó ń bọ̀, mo sì fẹ́ fi oúnjẹ ibẹ̀ yà á lẹ́nu.

Mo ti kọ́kọ́ dán an wò. Ilé oúnjẹ kan nígboro ní àwọn ń ṣe sushi. Kí ni wọ́n gbé wá? Ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù tí wọ́n fi kábéèjì wé, ẹja Titus díndín wà láàárín rẹ̀! Ó dùn o, n ò ní purọ́, mo jẹ ẹ́ tán. Àmọ́ ìrẹsì funfun tó ń lẹ̀ mọ́ra là ń wí, tí wọ́n fi fínígà, ṣúgà àti iyọ̀ pò, tí wọ́n wá fi nori, ewé òkun dúdú yẹn, ká.

Ẹja tí wọn ò sè, tí wọ́n sábà máa ń fi sínú sushi, ló ń bà mí lẹ́rù. Pẹ̀lú bí iná ọba ṣe ń ṣe wá yìí, ẹja tí yìnyín rẹ̀ ti yọ́ lẹ́ẹ̀mẹta ńkọ́? Tí wọ́n bá fi kùkúńbà, ẹyin tàbí edé bíbọ̀ ṣe é, ó tó mi. Ramen, núdù ọlọ́bẹ̀ ti àwọn ará Jàpáánì, náà ò burú, kó má ṣáà jẹ́ Indomie.

Ta ló mọ ẹni tó ń sè é nílé níbí, àbí ká kúkú forí lé Ìbàdàn? Tó bá jẹ́ Ìbàdàn, ẹ sọ iye tó ń lọ fún mi, kójú má baà tì mí níwájú àna mi.